Ọ̀jọ̀gbọ́n Haagen-Smit: Ọkùnrin tó tú àṣírí èéfín tó ń ta àwọn ará Los Angeles lójú

Lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, ọdún 1943, ojú ọjọ́ ṣú dẹ̀dẹ̀ nílùú Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí òjò níbì kankan. Èéfín ló bo gbogbo ìlú. Àwọn tó ń rìn lójú pópó kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́, ojú ń ta wọ́n, omi ń dà pòròpòrò lójú wọn, ọ̀nà ọ̀fun ń yún wọn, wọ́n sì ń húkọ́. Ogun àgbáyé kejì ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbà pé àwọn ọ̀tá láti ilẹ̀ Japan ló ti tú afẹ́fẹ́ olóró sínú ìlú. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀tá kankan tó wọlé. Ọwọ́ àwọn ará ìlú fúnra wọn ni ohun tó ń dà wọ́n láàmú ti wá, wọn kò kàn mọ̀ ni. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni òun da eérú, ẹjọ́ a di ti aládùúgbò.

Ọkùnrin kan ló wá tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà níkẹyìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì ni, òórùn èso àti èròjà inú ewéko ló sì ń ṣèwádìí lé lórí kí ọ̀rọ̀ èéfín tó gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí òtítọ́ tó sọ, àwọn olówó epo bá a jà, àwọn onímọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, gómìnà sì yọ ọ́ nípò lọ́jọ́ alẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ tó fi sílẹ̀ wà nídìí òfin tó ń darí èéfín ọkọ̀ káàkiri ayé títí dòní olónìí.

Arie Jan Haagen-Smit lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì ni. Ìlú Utrecht ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kejìlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1900. Onímọ̀ kẹ́mísírì ni bàbá rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ìjọba ti ń rọ owó lọkùnrin náà sì ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà, a lè sọ pé ọmọ àjànàkú kò ya ràrá. Yunifásítì Utrecht ni Haagen-Smit lọ, ibẹ̀ náà ló sì ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1929. Ohun tó kọ ìwé ìwádìí rẹ̀ lé lórí ni àwọn òróró olóòórùn dídùn tó máa ń wà lára ewéko. Lẹ́yìn èyí, ó darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń wá èròjà tó ń mú kí ewéko ga. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Fritz Kögl pẹ̀lú obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hanni Erxleben ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tó sì di ọdún 1934, wọ́n rí ọ̀kan yọ nínú ìtọ̀ ọmọ ènìyàn, èyí tí àwọn onímọ̀ nípa ewéko ṣì ń lò di bá a ṣe ń wí yìí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kéde nígbà náà ló dúró. Àwọn èròjà méjì mìíràn wà tí wọ́n ní àwọn rí, tí wọ́n sì fún lórúkọ, àmọ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó tún un wá tó rí i. Ó hàn nígbà tó yá pé àwọn èròjà méjèèjì kò sí rárá. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì láti mẹ́nu bà, nítorí ó fi hàn pé ọkùnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ẹni tí kò ṣìṣe rí. Iṣẹ́ tó mú un lókìkí lẹ́yìn ọ̀la yàtọ̀ ní tirẹ̀: àwọn tó kọ̀ ọ́ pàápàá tún un ṣe, ohun tó rí ni wọ́n sì rí.

Ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ kú lọ́dún 1933, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn. Lọ́dún 1935, ó fẹ́ Maria Bloemers, obìnrin tóun náà kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Yunifásítì Harvard pè é sí Amẹ́ríkà láti wá ṣe olùkọ́, nígbà tó sì di 1937, ó kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Caltech, nílùú Pasadena, tí kò jìnnà sí Los Angeles. Thomas Hunt Morgan, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ló ń darí ẹ̀ka tó gbà á síṣẹ́. Ọdún 1940 ni Haagen-Smit di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, kò sì kúrò títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1971.

Iṣẹ́ tó gbádùn jù lọ nígbà náà kò mú ariwo dání. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí èròjà kan nínú ẹ̀wà tó máa ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ ewéko jinná. Lẹ́yìn náà ló wá gbájú mọ́ ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó fi ń ta sánsán bó ṣe ń ta yẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé á fa afẹ́fẹ́ olóòórùn náà gba inú ọpọ́n tó tutù ju yìnyín lọ fíìfíì, ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà á sì dì, á di ẹ̀kán omi díẹ̀. Ẹ̀kán omi yìí ló máa ń tú palẹ̀, tí á sì mọ oríṣiríṣi èròjà tó para pọ̀ di òórùn náà. Lọ́dún 1945, àbájáde iṣẹ́ náà jáde. Bí ayé bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òórùn èso ni à bá fi máa rántí rẹ̀.

Ayé kò fi í sílẹ̀. Ìtẹ̀lẹ̀ òkè ni Pasadena wà, ibẹ̀ gan-an sì ni èéfín Los Angeles máa ń wọ́ jọ sí. Láti ọdún 1943 tí èéfín ọjọ́ náà ti bo ìlú, ọ̀rọ̀ náà kò lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń burú sí i. Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà ru ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe èròjà rọ́bà fún ogun. Wọ́n dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín kò dúró. Lọ́dún 1947, wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ ní gbogbo agbègbè Los Angeles, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ lórílẹ̀-èdè náà. Imí-ọjọ́ ni àwọn tó ń darí àjọ yìí kọjú ìjà sí, nítorí ohun tí wọ́n mọ̀ láti ìlú bí i London, níbi tí wọ́n ti ń dáná èédú, ni pé imí-ọjọ́ inú èéfín ló máa ń ṣèèyàn léṣe. Wọ́n fòfin de àwọn ilé iṣẹ́, imí-ọjọ́ dín kù, síbẹ̀ ojú ṣì ń ta àwọn èèyàn. Ẹ rántí pé Los Angeles kì í fi bẹ́ẹ̀ dáná èédú. Èéfín London a máa pọ̀ nígbà òtútù, tirẹ̀ a sì máa le nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Ẹni tó bá fara balẹ̀ á ti rí i pé àìsàn ibí yàtọ̀ sí tọ̀hún.

Arnold Beckman, onímọ̀ kẹ́mísírì tó tún jẹ́ oníṣòwò ńlá, wà lára àwọn tó rọ Haagen-Smit pé kó fi ọgbọ́n tó fi ń mú òórùn èso mú èéfín ìlú. Lọ́dún 1948, ọ̀jọ̀gbọ́n náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa afẹ́fẹ́ Pasadena tó pọ̀ jaburata gba inú ẹ̀rọ olótùútù rẹ̀, ohun tó sì kù sísàlẹ̀ kò ju ẹ̀kán omi mélòó kan lọ. Omi náà dúdú rẹ́súrẹ́sú, òórùn rẹ̀ sì ń gún ni nímú. Nígbà tó tú u wò, kì í ṣe imí-ọjọ́ ló bá níbẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni èròjà tó wá láti ara epo rọ̀bì, tí nǹkan kan ti bá nínú afẹ́fẹ́ tó sì ti yí padà. Kí ni nǹkan náà? Ibo ni epo náà sì ti dé inú afẹ́fẹ́?

Ìbéèrè kejì yìí ló dá wàhálà sílẹ̀, nítorí ibi méjì péré ni epo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti lè wá: ilé ìfọpo àti ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ epo kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹgbẹ́ wọn ti gbé owó kalẹ̀ fún ilé ìwádìí kan tó ń jẹ́ Stanford Research Institute láti máa wádìí èéfín náà, àwọn yẹn sì ní ọ̀rọ̀ Haagen-Smit kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ wá sí Caltech gan-an láti wá sọ̀rọ̀, ó sì bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà níṣojú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, òun alára sì jókòó níbẹ̀ tó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà bí i nínú gidigidi. Títí di ìgbà yẹn, ó ti ń ronú àtipadà sídìí òórùn èso rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ èéfín sílẹ̀ fún àwọn tó ń gba owó oṣù nídìí rẹ̀. Ẹ̀gàn ọjọ́ náà ló dá a padà. Ó pinnu pé òun kò ní í sinmi títí tóun yóò fi fi ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni kò lè jà níyàn gbe ọ̀rọ̀ òun lẹ́sẹ̀.

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó po oru epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ọ́sónì, ó sì rí i pé òórùn èéfín Los Angeles gan-an ló jáde. Ó tẹ àdàlù náà sí ẹ̀fọ́ àti àwọn irúgbìn mìíràn lára, ewé wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní àpá tó jọ èyí tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà ti ń ké gbàjarè lé lórí. Ṣùgbọ́n níbo ni ọ́sónì ti wá, nígbà tí kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ń tú u síta? Níbí ni làákàyè ọkùnrin náà ti hàn jù lọ. Ó fi hàn pé oòrùn ló ń sè é. Bí iná bá jó nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, yàtọ̀ sí epo tí kò jóná tán, afẹ́fẹ́ kan tó ní náítírójìn nínú máa ń gba sálẹ́ńsà jáde. Oòrùn á ta sí i, á fọ́ ọ, ẹyọ ọ́síjìn kan á já kúrò lára rẹ̀, yóò sì lẹ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò di ọ́sónì. Oru epo tó wà nínú afẹ́fẹ́ kò ní í jẹ́ kí ìsè náà dáwọ́ dúró, òun náà yóò sì máa yí padà di oríṣiríṣi ohun tó ń ta ni lójú. Ọ́sónì tó wà lókè réré máa ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oró oòrùn, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà nílẹ̀ níbi tí à ń mí sí, àdánù ni fún ẹ̀dọ̀fóró.

Òkè tó yí Los Angeles ká wá sọ ìlú náà di ìkòkò. Afẹ́fẹ́ tútù láti orí òkun a sábà máa rá pálá sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná a sì dé e lórí bí ọmọrí. Èéfín àárọ̀ kò ní ríbi gbà jáde, oòrùn á máa sè é, nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sán, ó ti jinná. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí oòrùn bá mú jù lojú máa ń ta wọ́n jù.

Ó tún rí ẹlẹ́rìí mìíràn tí kò lè parọ́, ìyẹn rọ́bà. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé táyà ọkọ̀ máa ń sán ní Los Angeles kíákíá ju ibòmíràn lọ. Ọ́sónì ló ń jẹ wọ́n. Haagen-Smit ká rọ́bà pẹlẹbẹ kò, ó gbé e sínú afẹ́fẹ́ ìlú, ó sì ń ka ìṣẹ́jú tí yóò fi sán. Bí èéfín bá ti pọ̀ tó ni rọ́bà ṣe ń tètè sán. Ohun tí kò lówó lórí yìí di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọ́sónì ṣe pọ̀ tó. Ó tún kó èèyàn sínú yàrá, òun náà wà lára wọn, ó tú èéfín àtọwọ́dá sí wọn, ojú wọn sì ta wọ́n gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ta ará ìlú. Lọ́dún 1952, ó kọ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti ilé iṣẹ́ ńláńlá lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1953, ìgbìmọ̀ kan tí Beckman ṣe alága rẹ̀ gbọ́ tẹnu gbogbo wọn, ó sì dá Haagen-Smit láre. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n dí oru epo tó ń fò lọ láti ilé ìfọpo àti ilé epo, kí wọ́n fòfin de èéfín ọkọ̀, kí àwọn èèyàn sì yé dáná sun ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣèwádìí fún ilé iṣẹ́ epo náà gbà pé bó ṣe wí ló rí.

Ìmọ̀ yìí kò mọ sórí ọ́sónì nìkan. Ara ìsè oòrùn yìí kan náà ni ẹ̀rún tín-íntìn-ìn-tín ti ń jáde, àwọn ló ń mú kí ojú ọjọ́ ṣú. Òmíràn kéré débi pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lè tò sórí ìbú irun orí kan ṣoṣo, ìwọ̀n nánómítà làwọn onímọ̀ òde òní sì fi ń wọ̀n wọ́n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà tí wọ́n wá ń ṣèwádìí irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, orí ìpìlẹ̀ tí Haagen-Smit fi lélẹ̀ ni wọ́n kọ́lé lé.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, ọ̀tọ̀ ni kí aláìsàn gbà láti lo oògùn. Ilé ìfọpo ṣeé bá wí, torí wọ́n ní olówó kan, wọ́n sì ní àdírẹ́sì. Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ará ìlú ló ni ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé òun ni òun ń ta ara òun lójú. Ọdún 1957 ni Los Angeles tó fòfin de dídáná sun ìdọ̀tí lẹ́yìnkùlé, àwọn onílé sì bínú sí i. Lọ́dún 1960, Kalifọ́níà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí èéfín ọkọ̀, Haagen-Smit sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Gómìnà Ronald Reagan buwọ́ lu òfin tó dá àjọ tuntun sílẹ̀ lọ́dún 1967 láti máa bójú tó afẹ́fẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ náà, Haagen-Smit ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Oṣù Kejì ọdún 1968 ni wọ́n ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Àjọ yìí ló gbé ìwọ̀n kalẹ̀ tí èéfín ọkọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ kọjá, òfin rẹ̀ sì le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. Nítorí pé ọjà Kalifọ́níà tóbi, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kò rí i dá sí, wọ́n ní láti tún ẹ́ńjìnnì wọn ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù ló wá dá ìjà ìkẹyìn sílẹ̀. Haagen-Smit gbà pé bí wọ́n bá fòfin de ọkọ̀ tuntun nìkan, ọkọ̀ àtijọ́ tó wà nígboro á ṣì máa tú náítírójìn síta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin sọ pé kí àwọn tó ni ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1966 sí 1970 ra ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò dín in kù. Owó àpò ará ìlú ni yóò san án, ariwo sì ta. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò yí ohùn padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1973, gómìnà tó yàn án sípò yọ ọ́ kúrò nípò. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Lọ́dún 1973 yìí kan náà ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ tó ga jù lọ tí wọ́n ń fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí ọwọ́ kan ti ń gbé e ga, bẹ́ẹ̀ lọwọ́ kejì ń tì í ṣubú.

Lọ́dún 1974, ó wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Tyler, tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣe gudugudu méje lórí ọ̀rọ̀ àyíká. Lọ́dún 1975, ọkọ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń fọ èéfín mọ́ nínú sálẹ́ńsà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá ìwádìí tí àjọ tó ṣe alága rẹ̀ ń lò nílùú El Monte. Oṣù méjì péré lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 1977, ó jáde láyé. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ló pa á.

Lónìí, ọkọ̀ tó wà ní Los Angeles pọ̀ ju ti ayé Haagen-Smit lọ fíìfíì, síbẹ̀ ọ́sónì inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an sí bó ṣe wà lọ́dún 1955. Ìṣòro náà kò tíì tán pátápátá, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ báyìí lè wo òkè lọ́sàn-án gangan kó sì rí i kedere, ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ kò rí ṣe. Láti ọdún 2001 sì ni àjọ náà ti ń fi orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí fún àwọn mìíràn ní àmì ẹ̀yẹ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ làá ra èké. Haagen-Smit gbé òtítọ́ tirẹ̀ lọ sọ́jà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà á: ilé iṣẹ́ epo kò rà á, ọlọ́kọ̀ kò rà á, gómìnà náà rà á tán ó tún dá a padà. Kò gbé e sọnù, kò sì já owó rẹ̀ wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí kò tíì délé ayé nígbà náà ló wá jèrè rẹ̀.